Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Ń Gbé Yàrá Kejì

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín tí o bá rí ìwé yìí lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ, nígbà tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń rí lẹ́nu. Kí a tó sọ gbólóhùn kejì, a ti gbàgbé ohun tó mú wa bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó fọ́ rédíò nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún 9. (Ìwọ lo fọ́ ọ.) Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀, ó sì dùn mọ́ mi gan-an.

Jẹ́ kí n fi ilẹ̀kùn ìta bẹ̀rẹ̀. O ní kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo gé e fún ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò lè ṣí irin tí a fi ti ilẹ̀kùn láti inú, irin yẹn ni mo sì máa ń tì kí n tó sùn, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ. Lóru tí o kanlẹ̀kùn títí tí ajá aládùúgbò fi dá sí i, n kò fi ìyà jẹ ọ́ o. Mo rò pé o wà nínú yàrá ni. Títì ni ilẹ̀kùn rẹ máa ń wà, bóo wà ńbẹ̀, bóo ò sí ńbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Nítorí náà, bí o bá máa pẹ́, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. N kò ní kí o wá gbàṣẹ. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún tó báyìí kì í gbàṣẹ òde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irin ni kí o máa ránṣẹ́ sí, èmi á bá ọ jẹ́ ẹ fún un.

Ó kan tẹlifíṣọ̀n. O sọ fún àbúrò rẹ pé ìròyìn aago 5 ìdájí ni mo fẹ́ fi lé ọ jáde nílé. (Àbúrò rẹ kì í pa nǹkan mọ́ inú, kí o yáa mọ̀.) Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí: bí èèyàn bá ń dàgbà, àwọn ohùn tínínrín ni etí kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Èyí tó ki yóò ṣì máa wọlé, àmọ́ àwọn ìró tí kò lágbára, bíi s àti f, yóò ti máa sá lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyẹn ni mo ṣe ń gbọ́ pé o ń sọ̀rọ̀ tí n kò sì mọ ohun tí o sọ, tí mo tún ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Tí mo bá yí ohùn sókè, ariwo ló ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ là. Wá bá mi tan èyí tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, n ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ìwọ náà, má bá mi sọ̀rọ̀ láti inú bálùwẹ̀ mọ́. Wá síwájú mi, kí n rí ẹnu rẹ, kí o rọra sọ ọ́. Igbe kò ràn án.

Ti oorun, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ara àgbà a máa tètè sùn, a sì máa tètè jí. Ara ọ̀dọ́ a máa fà á di òru. Ìgbà tí mò ń jí ni ìwọ ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Olè tó bá fẹ́ ja ilé yìí máa dúró pẹ́.

Iná, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó bá jáde nínú yàrá kó pa á.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí àga tó wà nínú yàrá rẹ.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìwé tí o lẹ̀ mọ́ fíríìjì: “Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.” Àwa méjì péré là ń gbé ilé yìí. Ta ni ẹnikẹ́ni? Ohunkóhun tí mo bá ṣe tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, wá sọ ọ́ lójú mi, lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó dọ̀rọ̀ fíríìjì. Ohun kékeré tí a kò sọ ló ń jẹ́ kí bàbá àti ọmọ máa kí ara wọn bí ẹni tó pàdé nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ìwé ni èmi náà fi ń sọ tèmi. Èmi ni mo bí ọ. Ibi tí o ti rí i nìyẹn.

Bí o bá sì rí i pé mo ti ń gbàgbé nǹkan, tàbí pé ẹsẹ̀ mi kò ranlẹ̀ mọ́ lórí àtẹ̀gùn, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kó tó dé etí àbúrò rẹ. Ọjọ́ tí o bá sì máa kó lọ sílé tìrẹ, kó lọ torí pé o ti múra tán. Má kó lọ torí tẹlifíṣọ̀n.

Tí o bá kà á tán, má fèsì. Jáde wá, kí a jọ fà á lójúkojú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìròyìn parí ná.

Èmi ni,
Bàbá rẹ