Fóònù ọwọ́ yín tó láti gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé orí kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé sójú ìwé ìròyìn yín kan àwọn òbí tó ti ṣa owó jọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ wọn, àmọ́ tí ẹ̀rọ náà wà nínú àpò rẹ̀ láìlò, nítorí wọ́n gbà pé kò lè rí íntánẹ́ẹ̀tì àfi bí wọ́n bá tún ra módẹ̀mù tàbí Mi-Fi, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì máa ra dátà ọ̀tọ̀ sórí síìmù ọ̀tọ̀. Láìfepo bọyọ̀, fóònù tí ìyá ọmọ náà fi ń wo WhatsApp lè ṣe iṣẹ́ módẹ̀mù yẹn, ó sì tó fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò: kíka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wíwá ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, àti fífi í-meèlì àti iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára nítorí pé láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ UTME, ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì, di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Àwọn ọmọ wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n bá di asin kọ̀ǹpútà (mouse) mú. Ọmọ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń rí íntánẹ́ẹ̀tì á máa jókòó tì í lójoojúmọ́. Èyí tí tirẹ̀ kò rí i, ó máa ń sú u kíákíá, á sì padà sídìí fóònù.

Lílo fóònù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrà tuntun. Nígbà tí fóònù olóbọ́tìnnì ṣì wà lóde, àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa fi wáyà so Nokia wọn mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ *99# sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì dúró de ojú ìwé kan títí. Ọ̀nà náà rọrùn láti ọdún 2010, nígbà tí Android 2.2 jáde, tí wọ́n fi í sínú fóònù fúnra rẹ̀. Ó wà lára Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ àwọn ènìyàn ní Tákìé àti Under G lónìí, ó sì wà lára iPhone.

Wáyà USB, ìyẹn wáyà tí a fi ń ṣájì fóònù, ni mo máa ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Settings lórí fóònù Android, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Hotspot & tethering sí, kí ẹ sì tan USB tethering, ìyẹn fífi wáyà pín íntánẹ́ẹ̀tì fóònù fún kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ kì í ṣeé tẹ̀ bí wáyà kò bá tíì sí lára fóònù, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fóònù tiwọn kò lè ṣe é. Ohun mìíràn tún wà tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́: àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Bí fóònù bá ń gba iná, àmọ́ tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ rárá pé fóònù wà lára òun, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, ẹ má tíì dá ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́bi. Wáyà yìí wúlò gidigidi fún àwa tí iná mànàmáná kì í dúró pẹ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí bátìrì kọ̀ǹpútà ló ń bọ́ fóònù, fóònù kì í sì í kú mọ́ni lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì kọ̀ǹpútà á tètè lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀.

Bí kò bá sí wáyà, ẹ tan Wi-Fi hotspot lórí fóònù, ìyẹn ètò tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìlo wáyà, orúkọ rẹ̀ á sì yọ láàárín àwọn Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà rí. Ọ̀nà yìí ló bá àwọn agbo ilé àtijọ́ wa mu, tí ògiri wọn nípọn tí nẹ́tíwọ̀kì kì í fi í wọ yàrá. Ẹ lè gbé fóònù sójú fèrèsé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára, kí ọmọ sì jókòó sí yàrá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí hotspot á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sábà máa ń sọ fún mi pé tiwọn kò rí hotspot náà rárá. Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ kò mọ̀ ju ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz lọ, nígbà tí fóònù tuntun lè máa lo ìgbì 5 GHz. Ẹ yí i sí 2.4 GHz nínú ètò hotspot. Bó bá jẹ́ iPhone 12 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, Maximize Compatibility ni kí ẹ tàn. Bluetooth náà lè ṣe é, àmọ́ ó falẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa lò ó bí méjì ìṣáájú bá wà.

Kí àwọn òbí má sì jáyà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dúró lójijì nígbà tí ìpè wọlé. Bí síìmù tàbí fóònù kò bá lè gba ìpè lórí 4G, fóònù á já sí 3G tàbí 2G títí ìpè náà á fi parí, kọ̀ǹpútà á sì falẹ̀ tàbí kó dúró pátápátá. Ọmọ tó bá ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́wọ́ nílò kí ẹ bá a sún ìpè síwájú díẹ̀.

Ti dátà ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ra gígábáìtì kan láti fi wá ìwé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tí dátà náà tán kí ó tó ka ohunkóhun tó nítumọ̀. Ó ní iléeṣẹ́ tó ni síìmù ló jí dátà òun, ó pa hotspot, kò sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà tí a bá so mọ́ Wi-Fi gbà pé etí odò ni òun wà, kò mọ̀ pé inú agbè kan ṣoṣo la ti ń bu omi fún òun. Bó bá ti rí ọ̀nà báyìí, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í wa àtúnṣe sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Microsoft, èyí tó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì, tí àwọn àtúnṣe ńlá sì lè ju gígábáìtì mẹ́ta lọ. OneDrive, ètò Microsoft tó ń tọ́jú fáìlì, á máa kó fáìlì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni tó ti lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ náà ṣáájú bá sì ti tan ètò Delivery Optimization fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, dátà tí ẹ fi owó yín rà lè máa pín àtúnṣe fún kọ̀ǹpútà àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí. Gbogbo èyí ń lọ lábẹ́lẹ̀, láìsí ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Oògùn rẹ̀ kò le. Lórí Windows 10 àti 11, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ hotspot, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ wá ibi tí orúkọ hotspot yín wà, kí ẹ sì tan Metered connection. Ìgbà náà ni Windows á mọ̀ pé dátà tí a wọ̀n rà ni, á sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àtúnṣe náà dúró. OneDrive náà á sinmi. Hotspot kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó tan án fún lọ́tọ̀: èyí tí ẹ tàn fún fóònù bàbá kò kan fóònù ìyá, bí ẹ bá sì yí orúkọ hotspot padà, ẹ ó tún un tàn. Èmi kò sọ pé kí kọ̀ǹpútà má gba àtúnṣe mọ́ o, nítorí àtúnṣe ló ń dí ihò tí àwọn ọ̀daràn ń gbà wọlé. Ẹ gbé e lọ síbi tí Wi-Fi tí kò níwọ̀n bá wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó gba tirẹ̀ níbẹ̀. Fídíò náà ń jẹ dátà lórí kọ̀ǹpútà ju ti fóònù lọ, torí ojú rẹ̀ tóbi, YouTube sì máa ń gbé àwòrán tó dán jù wá fún un. Ẹ fa bí àwòrán ṣe dán tó sílẹ̀ sí 360p. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún iye tí wọ́n ń gbà, kò yẹ kí òbí kankan máa sanwó dátà tí ọmọ rẹ̀ kò lò.

Ẹ má fi hotspot sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ aṣínà. Yàtọ̀ sí pé àwọn ará ilé kejì á máa jẹ dátà yín, síìmù yín ti so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN yín. Ohun tí àjèjì bá fi ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá kàn.

Mo bẹ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ nílùú yìí pé kí wọ́n tó gba owó, kí wọ́n so kọ̀ǹpútà náà mọ́ fóònù oníbàárà lójú rẹ̀, kí wọ́n sì tan Metered connection fún un. Iṣẹ́ náà kò gba àkókò. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ̀ǹda igun kékeré kan lọ́sẹ̀ fún irú àlàyé báyìí ní èdè Yorùbá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ohun tó wà nínú Settings, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ń sanwó dátà yìí ní Tákìé kì í sì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gbà, mo ṣe tán láti máa kọ ọ́ ránṣẹ́ láìgba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́