Kí ẹ tó ra pọ́ǹpù mìíràn, ẹ yẹ páìpù tó ń fa omi wò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn onílé àti àwa púlọ́ńbà. Owó tí àwọn èèyàn ń ná lórí pọ́ǹpù tuntun ń dùn mí, nígbà tó jẹ́ pé láàárín táǹkì ilẹ̀ sí ẹnu pọ́ǹpù ni àrùn náà sábà máa ń wà.

Pọ́ǹpù kì í fa omi bí ìgbà tí èèyàn fa okùn. Ẹnu rẹ̀ ló ń sọ di òfìfo, afẹ́fẹ́ tó tẹ orí omi inú táǹkì á sì ti omi gòkè wá bá a. Afẹ́fẹ́ yìí kò lè tì í kọjá nǹkan bíi mítà 10 láéláé. Lẹ́nu iṣẹ́, bó bá ti ju mítà 7 lọ, ìyọnu dé. Mítà 35 tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, ibi tó lè gbé omi dé lókè ni wọ́n ń sọ.

Bí ẹnu pọ́ǹpù bá jẹ́ íǹṣì 1, ẹ fi páìpù íǹṣì 1¼ fà á. Àwọn kan á fi ti ìlàjì íǹṣì sí i torí pé òun ló wà nílẹ̀. Bí ẹ bá dín fífẹ̀ páìpù kù sí ìdajì, tí ẹ sì fẹ́ kí iye omi kan náà kọjá, ìnira omi á tó ìlọ́po 30. Omi á wá máa hó láìgbóná lẹ́nu pọ́ǹpù, ẹ ó máa gbọ́ ọ bí ẹni mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ìhó yẹn ló ń jẹ abẹ̀bẹ̀ idẹ inú rẹ̀ tó fi ń dá ihò wóróbó-wóróbó.

Ẹ má fi elbow, ìyẹn oríkèé páìpù tó tẹ̀, sún mọ́ ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ kí páìpù nà gbọọrọ tó ẹsẹ̀ bàtà 1 kó tó wọlé. Kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ bá pọ́ǹpù, kó má ṣe yọ iké níbì kankan, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á lúgọ sí. Nínú táǹkì, ẹ gbé foot valve, ìyẹn ìdérí ìsàlẹ̀ páìpù tó ń jẹ́ kí omi wọlé tí kì í jẹ́ kó padà, sókè ní íǹṣì 6 nítorí ẹrẹ̀, kí omi tó bò ó mọ́lẹ̀ má sì dín sí ẹsẹ̀ bàtà 1. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á máa yí bí àrọ, á sì mú afẹ́fẹ́ wọlé.

Oríkèé páìpù ìfami tó lu kì í jò nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń mu. Ẹ po ọṣẹ kó hó dáadáa, ẹ fi ìfófòó rẹ̀ bo oríkèé kọ̀ọ̀kan bí pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá gbé ìfófòó mì ló lu. Bí kò bá sí èyí tó gbé e mì, ṣùgbọ́n tí ẹ ń bu omi sí pọ́ǹpù láràárọ̀, iyanrìn tàbí ewé ló há foot valve lẹ́nu. Ẹ tú u, kí ẹ fọ rọ́bà rẹ̀.

Bí táǹkì bá ga ju pọ́ǹpù lọ, ìyẹn ló dára jù. Kí gate valve, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń tì í, tó wà láàárín wọn ṣí pátápátá. Bí omi bá pọ̀ jù, ọ̀nà tó ń gbà jáde ni kí ẹ ti dín in kù.

Èmi ni,
Púlọ́ńbà kan, Ìbàdàn.