Ọdún Dé, Omi Ńkọ́?

Òṣogbo

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àjò, o kú òtútù ọ̀hún. Mo ka lẹ́tà rẹ, níbi tí o ti ní kí ìjọba má ná kọ́bọ̀ lórí ọdún ìbílẹ̀ mọ́ títí omi yóò fi máa yọ ní gbogbo ilé. Ìwọ nìkan kọ́ ni inú ń bí. Níbí, ẹni tí kò bá ní kànga, omi rírà ló ń mu, òun náà ló fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ọdún ló gbé owó omi jẹ.

Wo FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé tí wọ́n ṣe l'Ékòó, láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, 1977. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà, wọ́n sì ná an ní ìná àpà. Síbẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò ló di Festac Town, tí ará ìlú ń gbé títí dòní. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nílẹ̀ bí àlejò bá lọ tán ni mo fi ń wọn ọdún.

Ti ọdún Òṣun níbí l'Óṣogbo ló dùn mí jù. Ìwọ́pópó, ìyẹn ètò ìwẹ̀nùmọ́ ìgboro, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, Iná Olójúmẹ́rìndínlógún a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò, ń gbé igbá jáde. Èló ni epo àtùpà? Kánópì, pèpéle, olórin àti òtẹ́ẹ̀lì àwọn ọ̀gá ló ń jẹ owó. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti ka igbó Òṣun mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, àwọn èèyàn ń ti Brazil wá bọ Yèyé Òṣun, àmọ́ àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti ba omi jẹ́. Lọ́dún 2022, ìjọba fúnra wọn kìlọ̀ pé kí olọ́dún má mu ún. Lóṣù Ògún tó kọjá, obìnrin kan bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì níwájú mi. Ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó gbé e sókè, ó wò ó nínú oòrùn, ó dé e, ó sì gbé e rù.

Ṣé o rí i? Wọ́n ń náwó sí ọdún Òṣun, wọn ò náwó sí Òṣun. Bí wọ́n bá fi owó pèpéle nìkan ṣọ́ odò náà, owó ọdún ni, owó omi náà ni, nítorí àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ń pẹja nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bomi rin oko.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín lọ́hùn-ún bá ní kẹ́ ẹ dáwó ọdún, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìnáwó hàn yín: èló ni ti kánópì, èló ni ti odò? Bí wọn ò bá rí i fi hàn, ẹ di owó yín mú.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́