Sí Àkànní, nípa iṣẹ́ tó wà ní New York àti ilé tó wà ní Houston

Àkànní ọmọ mi,

Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ, oorun mi kò gún régé. Kì í ṣe ohun tí o sọ ló kó mi láyà sókè, bí o ṣe ń sọ ọ́ ni. O bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, o gbàgbé ibi tí o ń bá a lọ. Mo bi ọ́ pé ibo lo wà, o ní o wà ní pápákọ̀ òfuurufú, bàálù méjì ti kún, o ń dúró de ẹ̀kẹta bóyá wọ́n á fún ọ láyè lórí àga kékeré inú yàrá awakọ̀, jumpseat yẹn. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn o, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí, àti nítorí ohun tí o sọ pé o fẹ́ fi iṣẹ́ awakọ̀ bàálù tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tuntun tó pè ọ́, àti ilé tí ẹ fẹ́ rà, tí mo fi ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó tì mí, kó máa tẹ ohun tí mo bá ń sọ. Bí o bá rí àṣìkọ, òun ni kí o bá wí.

Àwọn ará àdúgbò gbà pé ẹni tó bá ń wa bàálù ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Wọ́n á ní ṣé kò lè gbé e wá kí ìyá rẹ̀ ni? Mi ò dá wọn lóhùn mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé Houston lo ń gbé, LaGuardia ní New York ni wọ́n fi ọ́ sí, pé ó lé ní wákàtí mẹ́ta lójú òfuurufú láti ilé rẹ dé ẹnu iṣẹ́, àti pé kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí ìyẹn?

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Kafanchan fún ọ. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá yín, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fo ibì kan.

1983 ni tiránsífà gbé bàbá yín, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, láti Ọ̀fà lọ sí Kafanchan. Èmi ò bá wọn lọ, mo ní ìsọ̀ oúnjẹ lẹ́bàá tésàn, ọwọ́ mi sì ń dé ẹnu. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin bí èrò, láti Kafanchan dé Kaduna, dé Minna, gba Jẹ́bà wá sí Ìlọrin, kí wọ́n tó sọ̀ ní Ọ̀fà. Ìsinmi á ti dín kù sójú ọ̀nà. Wọ́n á jókòó síwájú oúnjẹ, ọbẹ̀ á tutù, orí wọn á tẹ̀ síwájú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún gbọ̀nà. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Kafanchan, ẹ́ńjìnnì ló kàn tí wọ́n máa gùn.

Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì tán ni wọ́n tó sọ fún mi pé lóru ọjọ́ kan, tésàn méjì kọjá tí àwọn ò mọ̀. Ojú wọn là, ọwọ́ wọn wà níbi tó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n wọn ò sí níbẹ̀. Igbákejì wọn ló fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí n kó ẹrù wá. Wọn ò sọ ìdí, èmi sì rò pé wọ́n ti fẹ́ obìnrin kan síbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n wá rí. Mo kó ìkòkò mi, mo lọ bá ata-ilẹ̀ tó kún ọjà wọn, mo sì ń tà á. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọ ní 1985.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ìtàn bàálù tó já nítòsí Buffalo fún mi nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́. February 12, 2009, Colgan Air 3407, láti Newark. Èèyàn 50 ló bá a lọ, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ilé rẹ̀ jẹ́ẹ́ nílẹ̀. O ní Seattle ni igbákejì awakọ̀ ti gbéra, tó fi gbogbo òru wọ bàálù akẹ́rù gba Memphis kó tó dé ẹnu iṣẹ́. Ọ̀gá awakọ̀ náà, Florida nilé rẹ̀. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ohun tí ọ̀gá yẹn ṣe nígbà tí bàálù kìlọ̀ fún un ló mú kí bàálù náà já, wọ́n sì ní ó jọ pé àárẹ̀ wà lára àwọn méjèèjì, wọn ò kàn lè wọn iye tó kó níbẹ̀. Ọ̀ràn yẹn ló bí òfin wákàtí 1,500, iye wákàtí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fò kí ilé iṣẹ́ bàálù tó gbà á, tí ìwọ náà fi kọ́ ọmọlọ́mọ ní bàálù kékeré nínú oòrùn Texas títí o fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n tún ṣòfin pé kí ẹ ní wákàtí 10 ìsinmi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fi márùn-ún nínú rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù ní Houston, ìsinmi náà ni òfin ń kà á sí. Ara rẹ ńkọ́?

O lè ní ṣebí èmi náà kó ẹrù tọ bàbá yín lọ, kí ìyàwó mi náà kó wá sí New York. Rárá. Kafanchan ní orúkọ nígbà tí mo ń di ẹrù. Ibi tí ilé iṣẹ́ tuntun tí o ń retí yìí máa fi ọ́ sí kò tíì ní. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, àwọn ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ìwọ ni kí o tún ìrìn rẹ ṣe. Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ni kí o máa lọ, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. San owó bẹ́ẹ̀dì ní crash pad, ilé tí àwọn awakọ̀ jọ ń sùn nítòsí ibi iṣẹ́, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ háyà ní Kew Gardens ní New York. O ní ó wọ́n, pé èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, pé ẹnì kan ń hanrun. Ra òwú, fi dí etí. Bí alẹ́ kan bá sì ṣú tí o mọ̀ pé ara rẹ kò lè gbé e, pè wọ́n pé o kò lè wá.

Ní ti ilé iṣẹ́ tuntun náà, àwọn tó fún ọ ní ìwé pé àwọn máa pè ọ́, tí wọn ò tíì pè lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, mo mọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Ọjọ́ tí o bá wọ kíláàsì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ni nọ́ńbà rẹ, ìyẹn ipò rẹ láàárín àwọn awakọ̀ wọn, máa bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló sì máa yan ìlú, bàálù àti ọjọ́ ìsinmi fún ọ títí o fi pé ọdún 65 tí wọ́n á ní kí o sọ̀ kalẹ̀. Ẹni 40 ọdún kò ní oṣù tó fẹ́ fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni wọ́n kọ̀. Láti January 2024 tí pánẹ́ẹ̀lì ti já kúrò lára Boeing 737 MAX 9 kan lókè, ìjọba wọn fi òté lé iye tí Boeing lè ṣe lóṣù, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tó ti sanwó sílẹ̀ ń retí bàálù, àwọn kan sì dá gbígba awakọ̀ dúró ní 2024. Ta ni wọ́n fẹ́ gbà láti wa èyí tí kò tíì dé?

Nítorí náà, má kọ̀wé fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ láti "múra sílẹ̀". Òjò ṣú, a ò tìtorí ẹ̀ da omi ìkòkò nù. Níbi tí o wà yẹn, o ṣì ń fò, ọwọ́ rẹ kò sì tutù. Ọjọ́ tí ìwé kíláàsì bá dé tòun ti déètì, ìgbà náà ni kí o kọ ọ́.

Bí wọ́n bá wá ní kí o yàn, mo mọ̀ pé ojú rẹ máa lọ sára bàálù gbàngbà tó ń sọdá òkun. Mú kékeré tó wà ní Houston, bí o bá rí i. Ìwọ máa jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn, wọ́n á fi ọ́ sí àwọn tó ń dúró de fóònù, nígbà mìíràn wákàtí méjì péré ni wọ́n á fún ọ láti dé. Ẹni tó ń gbé nítòsí máa dúró de fóònù yẹn ní pálọ̀ rẹ̀, á máa bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ẹni tó jìnnà á dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì olókè-nílẹ̀ ní crash pad, ọjọ́ mẹ́rin, fóònù sì lè má dún.

Ilé tí ìyàwó mi rí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì háyà ná. Èmi ò ní bá a sọ ọ́ fúnra mi, ó ti fi fọ́tò ilé ìdáná náà ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dára lóòótọ́. Ìwọ ni kí o sọ fún un. Má sọ ọ́ lórí fóònù láti pápákọ̀ òfuurufú o. Dé ilé, sùn, jẹun, kí o tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú tí o bá dé Kew Gardens, pè mí. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ máa ti ń mọ́ níbí. Sólà ti wà lórí òrùlé wa báyìí, fóònù mi kì í kú.

Ìyá rẹ,
Ọ̀fà.