Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo gbọ́ pé inú Micra lẹ wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ fi rí èmi àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí a tò bí ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì ìjọba. Ẹ ò pè mí. Àbúrò wa obìnrin lẹ pè, ẹ ní kó bi mí bóyá mi ò níṣẹ́ ṣe mọ́ ni. Ẹ tún ní ẹni tí kò bá jalè, kí ló máa gbé e débẹ̀. Ẹ má bínú pé ojútáyé ni mo ti ń fèsì. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀? Àbúrò wa ọkùnrin ò gbé jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni, ó kàn mọ ẹni tó gbé e ni. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n mú un lọ, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ ògiri yẹn náà ni wọ́n ti ń dúnàá-dúrà owó béèlì pẹ̀lú Bàbá. Owó ò pé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, olè jíjà ti di ìdigunjalè nínú ìwé ẹ̀sùn. Mágísíréètì ò sì láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè. Ohun tó lè ṣe ò ju pé kí wọ́n lọ fi ọmọ náà pamọ́ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn á fi dé láti ọ́fíìsì DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pinnu bóyá wọ́n á pe èèyàn lẹ́jọ́. Ìmọ̀ràn wo? Fáìlì gan-an ò kúrò lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Oṣù 19 ló lò.

Ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀sẹ̀ la gbé oúnjẹ lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń se ọbẹ̀. A gbé àmàlà, a gbé ọṣẹ, a gbé oògùn kúrúnà. Kò sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ tí ẹjọ́ ẹ̀ tún kàn nínú gbogbo wa, lẹ́ẹ̀kan péré! A rò pé àwọn tó mọ̀wé ló ni ọ̀rọ̀ kóòtù. Wọ́dà kan tó láàánú ló ta Màmá lólobó pé adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ń bọ̀ wá yẹ ọgbà náà wò, ká yáa wá lọ́yà tí á rí i pé orúkọ ọmọ wa wọnú ìwé tí wọ́n máa kà níwájú rẹ̀. Bó ṣe jáde nìyẹn. Wọn ò dá a láre, wọn ò dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó máa lọ. Títí dòní kì í jẹ ẹ̀wà.

Búrẹ́dì wà nínú àpò wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí ìwé la ṣe lọ. Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni. A fa ìlà sí i: orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn, kóòtù, ọjọ́ tí ẹjọ́ tún kàn, ó ní lọ́yà àbí kò ní. Ẹni tí ibi ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bá ṣófo, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé tọ àwọn lọ́yà Legal Aid Council lọ, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 80 èèyàn ló wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà, bíi méjì nínú mẹ́ta wọn ni kóòtù ò sì tíì dá lẹ́bi. “Awaiting trial men”, àwọn tó ń retí ìgbẹ́jọ́, ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ti gé e kúrú sí ATM, bí ẹni pé owó ló ń jáde lára wọn (kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá). Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí, ẹjọ́ ẹnìkan ọ̀hún gan-an la ò tíì gbọ́.

Òfin ò wọ́n wa. Òfin ọdún 2019, èyí tó sọ ẹ̀wọ̀n di ilé àtúnṣe, ní tí ọgbà bá ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọ̀gá àwọn wọ́dà ní ìpínlẹ̀ fi tó adájọ́ àgbà létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá wọ́dà yẹn sì láṣẹ láti kọ̀, kó má gba ẹlòmíràn wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni iná mànàmáná pa ẹlẹ́wọ̀n márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ní Ìkòyí. Èèyàn 800 ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lé ní 3,000. Ti sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá náà wà: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní kí mágísíréètì máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo bi ọlọ́pàá kan ìgbà tí mágísíréètì wá kẹ́yìn, ẹ̀rín ló fi rín mi.

Ohun tí lẹ́tà tí àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kọ ń béèrè ò ju ìyẹn lọ: kí mágísíréètì máa wá, kí wọ́n lẹ ọjọ́ tó wá mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnìkan láti mọ́ṣáláṣí máa tẹ̀ lé e wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé àwọn tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n. Àmọ́ ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ lọ jẹ́rìí ní kóòtù, tí wọ́n ní IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ti gba tíránsífà, ẹ padà wá. Ọmọ tí wọ́n mú náà ṣì wà nínú ìwé mi, ojú ewé kẹsàn-án. Ibi ọjọ́ ẹjọ́ ṣófo. Ìwé kan náà ló ń wá ọjọ́ ẹjọ́ yín àti tiẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi ọkọ yín léèrè, wọ́n ṣáà ti ṣe akọ̀wé kóòtù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì: tó bá jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀sùn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ta ni mo máa bá tí fáìlì fi máa jáde? Nọ́ńbà mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa mú ìwé náà dání.

Èmi ni,
Àbúrò yín.