Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àìsàn ní Àkúrẹ́ níbí ló mú mi kọ̀wé sí yín, nítorí ohun tí ojú ìyá mi rí lọ́dún tó kọjá kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tọ́jú màmá fún ibà àti táífọ́ọ̀dù níbì kan tí n kò ní í dárúkọ, tí wọ́n ń fa omi sí wọn lára, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nígbà tó sú wa, a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ti ń tọ́jú ìdílé wa tipẹ́ ní Òkè-Àró. Kó tó mú gègé, màmá ti béèrè omi lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n ń dìde tọ̀ lóru, ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, ó sì la ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá rí egbò kékeré kan tí àwa ọmọ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó gún wọn lórí ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ, kò pẹ́ tí èsì fi jáde: àtọ̀gbẹ ni.

Àìsàn a máa jọra wọn. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, níbi tí ibà Lassa ti ń jà lọ́dọọdún tí wọ́n sì ń gbé àwọn tó kó o lọ sí Ọ̀wọ̀, ara gbígbóná, orí fífọ́ àti àárẹ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ibà ẹ̀fọn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún aláìsàn lóògùn ibà, àyẹ̀wò tí kì í sábà ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ burú jù, torí ó lè ti dé 140 lórí 90 kó má sì dun ẹni tó ní in rárá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fún àwọn dókítà ìdílé láyè nínú ìwé ìròyìn yín, kí wọ́n máa ṣàlàyé àmì àìsàn ní èdè tí ìyá mi gbọ́. Kí àwa tí à ń gbé aláìsàn kiri náà yan dókítà kan, kí káàdì gbogbo ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí káàdì wa ni dókítà ti rí i pé àtọ̀gbẹ ló pa ìyá tó bí màmá. Níbi tí a kọ́kọ́ lọ, kò sẹ́ni tó bi wá.

Èmi ni,
Olùkàwé yín láti Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.