Ẹ Bá Wa Bi Àwọn Aṣojú Wa l'Óṣogbo Léèrè Owó Káńsù

Ẹ̀yin Olóòtú,

Aṣọ ni mò ń tà ní Iléṣà níbí, òṣómàáló sì ni bàbá tó bí mi. Ó gbé aṣọ àwìn dé Ẹdẹ, ó gbé e dé Ìkìrun. Bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà kò sanwó, bàbá mi á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Owó tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí, tiwa náà ni.

Láràárọ̀ ni ọmọ káńsù ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, tó ń já ìwé pélébé fún mi. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ àtẹ mi tí mò ń kó ìwé wọ̀nyí sí, ó ti kún dẹ́nu. Gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ wa kò rí ṣọ́bìrì láti ọdún méjì. Bí òjò bá ti ṣú, a ti ń gbé ìdì aṣọ lérí àga nìyẹn, nítorí omi dúdú ló ń wọlé. A lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn kò fojú di wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú, owó ò délẹ̀ ni."

Mo gbà á gbọ́. Ìwé òfin 1999 ní káńsù ló ni ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú àti kíkó ìdọ̀tí, títí dórí ìwé àṣẹ ọmọlanke. Ṣùgbọ́n abala 162 ìwé kan náà da owó wọn sínú àkáǹtì àjùmọ̀ní tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ kọ́ ló ni kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Inú wa dùn lọ́jà lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, abala 162 ṣì wà nínú ìwé bó ṣe wà. Nígbà tó di 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń du àga káńsù l'Ọ́ṣun, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé, owó sì há sọ́nà.

Kí a tó lè tún abala yẹn kọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan l'Ábùjá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ yìí lọ̀rọ̀ ti ń kú. Ní 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe 16 sí ìwé òfin. Òmìnira owó fún àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ kò sí níbẹ̀, torí kò rí ìpínlẹ̀ 24. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Wọ́n rí i pé ó tọ́ kí owó tiwọn má gba ọwọ́ gómìnà, wọn ò rí i pé ó tọ́ fún káńsù. (Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló kọ̀ ọ́, mo mọ̀.)

Àwọn kan ń sọ pé alága káńsù náà á kó owó jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé ilé alága, mo sì lè lóṣòó síbẹ̀ bíi bàbá mi. Ta ni yóò jẹ́ kí n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gómìnà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin Olóòtú, àwọn aṣòfin 26 ló wà l'Óṣogbo. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: bí àtúnṣe yìí bá tún dé iwájú yín, ṣé ẹ ó fọwọ́ sí i, àbí ẹ ò ní fọwọ́ sí i? Ẹ tẹ orúkọ wọn àti èsì wọn sínú ìwé ìròyìn yín. Ẹni tí kò bá fèsì, ẹ fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí gbogbo wa rí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláṣọ kan, Iléṣà